Tíṣà Ni, Èmi Kàn Di Tọ́ọ̀ṣì Mú

Ṣé Chileshe mọ̀?

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi nìyẹn bí mo bá ń fọ aṣọ, bí mo bá ń ro nshima lórí iná, bí mo bá jókòó ti ọmọ mi tí ara rẹ̀ gbóná. Ọdún ń gorí ọdún, n kò tíì rí ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, bóyá ẹ ó bá mi rí i. Ẹ ṣáà má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Nkandu lorúkọ mi, ṣùgbọ́n ní Luanshya níbí, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Mwila, Ìyá Mwila ni mò ń jẹ́. Oyún rẹ̀ ló lé mi kúrò nílé-ìwé. Ẹni tó fún mi lóyún bá ọkọ̀ akẹ́rù bàbà lọ sí Kongo, kò sì bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí Mwila ti ń sọ̀rọ̀ tó já gaara, mo padà sẹ́nu ìwé ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án bí àwọn ọmọ kíláàsì àárọ̀ bá ti ṣíwọ́.

Tíṣà Sinkala ló ń kọ́ wa ní ìṣirò. Àwọn náà ló dá ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀. Kalulu ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà, ìyẹn ehoro, torí ehoro kéré lára ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ọwọ́ mi ò gba wáyà rárá. Ìwé kíkọ ni mo mọ̀, mo sì lẹ́nu. Kabaso, ọmọkùnrin tó ń ṣe táyà rọ́bọ́ọ̀tì, tí kò lè ṣe kó má fi ènìyàn ṣẹ̀fẹ̀, ló sọ mí ní Akọ̀wé Àgbà.

Chileshe ló ṣe apá.

Ọmọ kíláàsì àárọ̀ ni, ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Irin agboòrùn tó ti ya àti okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe apá rọ́bọ́ọ̀tì wa. Apá náà á na ara rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, á ṣa bọ́ọ̀lù kékeré, á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, àfi bí ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ Chileshe ti mọ iṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni kò lẹ́nu. Bí àgbà bá bi í lọ́rọ̀, ilẹ̀ ni á máa wò.

Bí mo bá fẹ́ kọ̀wé, kí n tó wí, á ti na ọwọ́.

"Ìyá Mwila, ẹ gbé e wá."

Á fi aṣọ chitenge pọn ọmọ mi, á sì máa so wáyà rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn Chileshe ni Mwila ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe bátìrì.

Ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ilé-ìwé ní Kitwe la ń múra sí. Yàtọ̀ sí ìdíje fúnra rẹ̀, àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ kan fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ta yọ. Tíṣà á fi orúkọ ránṣẹ́, a ó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, lẹ́yìn náà àwọn adájọ́ á pe akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó láti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹni tó bá gbà á, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ẹ̀rọ. Orúkọ méjì ni ẹgbẹ́ kan lè mú wá, bó bá fẹ́. Tíṣà mú Chileshe. Wọ́n sì mú èmi náà.

Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní, wọ́n ti rí ọpọlọ mi.

Àbúrò ìyá Chileshe kan wà ní Samfya, létí adágún, tó ń ṣòwò ẹja. Ó ti sọ fún ìyá àgbà pé bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí ò bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, kí wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sóun, ẹja ń dúró de ẹni tí yóò yan án. Chileshe fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Nítorí náà mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ti ń kà á lọ, ẹ rántí pé mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi náà ńkọ́? Yàrá kan, ọmọ kan, kò sí ọkọ. Àyà mi kì í balẹ̀. Bí Mwila bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, èmi ti rò ó dé ibojì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá kọ́lẹ́ẹ̀jì lójú oorun àti lójú ayé.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n Tíṣà kú ní Mongu. Wọ́n ti gbé àpò sọ́wọ́, wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n pè mí.

"Ìwọ lò ń kọ ìwé méjèèjì, ìwọ náà ni kí o kọ́ Chileshe ní bí yóò ṣe dáhùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀kọ́ ilé ti pọ̀ jù lára ọmọ yẹn. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló ṣe apá, orí mi ni yóò gbé e kà."

"Ẹ̀rín ni yóò fi pa wọ́n, sà."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, Ìyá Mwila. Rọ́bọ́ọ̀tì tí tíṣà bá ṣe, wọn kì í fún un ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó parí. Sọ fún un kó sọ pé 'èmi'. Kó gbójú sókè kó sọ ọ́. 'Èmi ni mo ṣe é.' Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"'Èmi ni mo ṣe é.'"

"Ó mà dùn lẹ́nu ẹ o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì.

Ó dùn lẹ́nu mi lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá dúró níwájú àgbà tó ń ké "èmi, èmi", aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọbìnrin bá se ọbẹ̀ tó dùn, tí àlejò yìn ín, á ní màmá òun ló sè é. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ á sì mọ̀ pé òun ni. Bẹ́ẹ̀ la ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ Kitwe kì í ṣe àlejò tó wá jẹ ọbẹ̀.

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn kíláàsì la ti ń ṣe ìdánrawò. Mo di adájọ́, mo ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Chileshe dúró, Mwila wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Mwila, bí wọ́n bá wá bi mí pé ta ló ṣe apá ńkọ́? Ojú á tì mí."

Mo búra fún yín, "èmi" ló wà lórí ahọ́n mi. Mo la ẹnu. Ojú mi wá lọ sí apá náà níbi tó dùbúlẹ̀ sí lórí tábìlì. Ó rẹwà. Mo ní, bí ọmọ yìí bá lè gbójú sókè kó ní òun lòun ṣe nǹkan báyìí, ta ni yóò tún wo ojú èmi tó kàn ń kọ̀wé?

"Má sọ pé 'èmi'," ni mo wí. "Kò dáa. Àgbà ni wọ́n. Sọ pé tíṣà ni."

"Tíṣà ni. Kí ni kí n wá ní mo ṣe?"

"Sọ pé o bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí iná lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Mo kúkú di tọ́ọ̀ṣì mú. Eyín ni mo fi dì í mú, torí ọwọ́ mi méjèèjì wà lára wáyà!"

"Ṣé o rí i? Kì í ṣe irọ́."

Ó kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà. "Ẹ ṣeun, Ìyá Mwila. Bí kò bá sí yín, ǹ bá lọ fi ẹnu ba ara mi jẹ́ níbẹ̀."

Ojoojúmọ́ la ń ṣe é. Mwila sọ ọ́ di eré. Bí mo bá ti bi Chileshe léèrè, òun náà á gbé orí yọ lẹ́yìn rẹ̀, á ní, "Tíṣà ni! Èmi di tọ́ọ̀ṣì mú!" Èmi á rẹ́rìn-ín, màá já vitumbuwa, àkàrà ìyẹ̀fun tí mo dín láàárọ̀, sí i lẹ́nu.

Kabaso kọjá lọ́jọ́ kan, ó dúró gbọ́.

"Mwila! Ìwọ ni kí wọ́n mú lọ o, ìyá ẹ ò mọ̀ ọ́n sọ tó ẹ." Ó wá yíjú sí mi. "Akọ̀wé Àgbà, ṣé bí Tíṣà ṣe ní kó sọ ọ́ nìyẹn?"

"Ìwọ lọ mójú tó táyà ẹ tó ń yẹ̀."

"Ó ti dára. Mo kàn bi yín ni."

Mo lè dáwọ́ dúró níbẹ̀ o. Ohun tó gbà ò ju kí n ní, Chileshe, gbàgbé ìyẹn, Tíṣà ní kí o sọ pé "èmi". Mo sùn lé e, mo jí, mo tún ní kó sọ pé tíṣà ni.

Tààrà láti Mongu ni Tíṣà ti wá bá wa ní Kitwe láàárọ̀ ìdíje. Ojú wọn ti wọnú.

"Ṣé o jíṣẹ́ mi?"

"Mo jẹ́ ẹ, sà."

Wọ́n gbá mi léjìká, wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa."

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Adájọ́ mẹ́ta, obìnrin kan ni olórí wọn, ó ń sọ èdè Bẹ́ḿbà kí ọkàn wa lè balẹ̀. Mo gbójú sókè. "Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀. Èmi ni." Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, Chileshe ń tú Mwila sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé e fún mi, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà.

"Ìyá Mwila, ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

Ojú mi ló ń wò. Chileshe tí kì í wo ojú àgbà. Ṣé ó ti mọ̀ nígbà náà pé mo ń tan òun jẹ?

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

"Ó dáa." Ó wọlé.

Fèrèsé ṣí sílẹ̀ torí ooru. Mo jókòó sábẹ́ rẹ̀, mo gbé ọmọ mi sórí itan.

"A ti rí apá yìí," ohùn adájọ́ obìnrin náà nìyẹn. "Ó yà wá lẹ́nu. Ta ló ṣe é?"

"Tíṣà wa ni, mà. Àwọn ni wọ́n ṣe é."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí wá ni ìwọ ṣe?"

Kó tó dáhùn, bí mo bá fẹ́, mo lè kan ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ mi ò gbéra.

"Mo bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú, mà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, rọ́bọ́ọ̀tì wa ṣe bẹbẹ. Apá Chileshe ṣa bọ́ọ̀lù débi pé àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn dìde dúró, wọ́n ń ké "Kalulu! Kalulu!" Kabaso ń jó. Chileshe nìkan ló jókòó, ó ń fi etí chitenge nu imú Mwila.

Kí wọ́n tó ka orúkọ àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ, wọ́n pe Tíṣà sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n kó gbogbo wa lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì wa.

"Wọ́n ti yọ orúkọ Kalulu kúrò nínú gbogbo ẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ ẹgbẹ́, ti akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní èmi ni mo ṣe rọ́bọ́ọ̀tì." Wọ́n yíjú sí Chileshe. "Wọ́n ní ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló ní kí o sọ bẹ́ẹ̀?"

Chileshe wolẹ̀. "Àwọn ni, sà."

"Àwọn wo?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àgbà kan ṣoṣo, "àwọn" ni. Èrò bí eéṣú, "àwọn" náà ni. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní na ìka sí ìyá ọlọ́mọ láàárín àwùjọ.

"Àwọn ará Ndola tó ń bá wa díje ni!" Kabaso figbe ta. "Mo rí wọn lẹ́nu ẹ̀rọ omi, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀! Ìlara ni! Wọ́n rí apá wa!"

"Àwọn ni! Àwọn náà ni!" Gbogbo ẹgbẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Mo wà nínú "àwọn" yẹn. Mo fara pamọ́ sínú rẹ̀ bí aláǹgbá sínú ògiri. Dídákẹ́ ì bá tún sàn. Mo la ẹnu, mo ní, "Ó lè jẹ́ àwọn ará Ndola lóòótọ́ o."

Chileshe kò gbé ojú sókè. Ó kàn gbọ́ ọ.

Tíṣà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé. "Chileshe, ọmọ mi. Dá mi lóhùn kí n gbọ́. Ta ló ṣe apá yẹn?"

Kí Chileshe tó la ẹnu, ohùn kékeré kan jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Tíṣà ni! Èmi di tọ́ọ̀ṣì mú!"

Gbogbo wọn yíjú. Mwila yọ apá kan jáde nínú chitenge, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi.

"Màmá, vitumbuwa mi dà?"

Ọmọ mi rò pé n kò fún òun torí òun ò sọ ọ́ tán. Ó wá parí rẹ̀ fún mi.

"Má sọ pé 'èmi'. Kò dáa. Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀."

Kabaso ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. "Mo bi yín," ni ó wí. "Mo bi yín léèrè lábẹ́ máńgòrò." Ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì yí ẹ̀yìn sí mi.

Tíṣà dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn nù. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ilé tó jó.

"Iṣẹ́ kan ni mo rán ọ, Nkandu."

Orúkọ mi gan-an ni wọ́n pè. Wọ́n gba Ìyá Mwila kúrò lára mi.

Wọ́n sáré padà lọ bá àwọn adájọ́. A dúró. Wọ́n dé, wọ́n ní obìnrin náà sọ pé, "Tíṣà, ọmọ yín fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó lù ú. Bí ẹ bá mú un wá kó wá sọ òmíràn báyìí, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ nìyẹn?"

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà sí Luanshya, kò sẹ́ni tó jókòó tì mí. Mwila sùn, ọrùn rẹ̀ ń yẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn.

"Ìyá Mwila, ẹ gbé e wá. Ọwọ́ á ti máa ro yín."

Mo gbé e fún un. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo gbé e fún un.

Nígbà tí sáà tuntun wọlé, àga Chileshe ṣófo. Samfya ti gbà á. Àwọn ọ̀gá gbé Tíṣà lọ sí ilé-ìwé kan lọ́nà Mporokoso, wọ́n ní tíṣà tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ wọn ni. Kalulu tú ká. Apá náà wà nínú yàrá ẹrù títí tí ẹnì kan fi yọ okùn bíréèkì rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́.

Mo lọ sí Samfya lẹ́yìn náà, mo mú Mwila dání. Mo bá Chileshe nínú èéfín ẹja, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ kí mi. Òun ni mo wá kúnlẹ̀ bẹ̀, òun náà ló ń kúnlẹ̀ fún mi! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní kó dárí jì mí, mo ní èṣù ni, mo ní ọmọ mi ni mo ń rò.

"Ìyá Mwila, ẹ jẹun ná. Ọ̀nà jìn."

Ìdáhùn tí mo gbà kò ju ìyẹn lọ. Bí mo ti ń jẹun, mo rí nǹkan kan lórí àtẹ tí wọ́n ń sá ẹja sí. Irin agboòrùn ni, a so ó mọ́ okùn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti orí adágún, á na ara rẹ̀, á lé ẹyẹ kúrò lórí ẹja, á tún ká ara rẹ̀ kò pẹ̀lẹ́.

N kò mọ̀gbà tí ẹnu mi fi bi í. "Ta ló ṣe èyí?"

Chileshe gbójú sókè, ó wò mí tààrà.

"Èmi ni," ni ó wí. "Èmi nìkan."

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, mo mọ ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe. Á sọ fún ọ pé ọmọ rẹ nìkan ló wà láyé. Ẹ má gbà á gbọ́. Ọmọ tí mo torí rẹ̀ hùwà náà ló ń béèrè lọ́wọ́ mi títí dòní pé, "Màmá, ẹ̀gbọ́n tó máa ń pọ̀n mí dà?"

Lọ́dún tó kọjá, mo pàdé Tíṣà Sinkala níbi ìsìnkú kan ní Kabwe. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, irun wọn ti funfun. Wọ́n jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n. Mo wá bi wọ́n ní ohun tó ti ń dùn mí: kí ni wọ́n rí lára mi nígbà náà tí wọ́n fi mú mi mọ́ Chileshe, tí mo sì wá já wọn kulẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Wọ́n wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi ò yé.

"Èmi kọ́ ni mo mú ọ. Orúkọ kan ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Chileshe ló wá kúnlẹ̀ síwájú mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, 'Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti Ìyá Mwila sí i. Wọ́n ní ọmọ. Bí ẹ ò bá ní fi tiwọn sí i, ẹ yọ tèmi. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́.'"